Adé, Ọ̀pẹ àti Aláǹtakùn: Bí A Ṣe Ń Ka Bọ́tìnì Àwọn Ṣọ́jà Àtijọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ àkísà àgbà ni a mú wá lónìí, ẹ̀yin ènìyàn wa. Kì í ṣe aṣọ náà fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí kò ṣe ohun tí ó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí kòkòrò bá ti jẹ aṣọ tán: bọ́tìnì idẹ, báàjì iwájú fìlà, àti àmì tí àwọn ṣọ́jà máa ń lẹ̀ mọ́ èjìká àti apá aṣọ wọn.

Ọ̀pọ̀ ilé ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àpótí bàbá àgbà. Nígbà tí bàbá bá papò dà, àwọn ọmọ a pín ilẹ̀, wọn a pín aṣọ òkè, ṣùgbọ́n bọ́tìnì a di ohun ìṣeré fún àwọn ọmọdé. Òmíràn ti bá ẹrù dé Lọ́ńdọ̀nù níbí, ó wà nínú agolo bísíkíìtì pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ àti òwú. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò rí i pé ìwé ìtàn kékeré ni. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni kí ó fi bí a ṣe ń kà á hàn wá, kí ó sì sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, nítorí pé bọ́tìnì mọ ọdún, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ.

Àdúgbò tí a ń gbé

Àwa tí a ń gbé ní Plumstead, Woolwich àti Thamesmead ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Bí ènìyàn bá ń rìn ní Plumstead High Street lónìí, iṣu, gaàrí, ẹja gbígbẹ àti ata rodo ni yóò rí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣòro láti rántí pé àdúgbò àwọn tí ń rọ ohun ìjà fún gbogbo ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ibí yìí jẹ́. Ní ọdún 1716 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ oníbọn ńlá méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Woolwich, èyí tí ó di Royal Artillery. Ní 1805 ni Ọba George Kẹta fún ibi ìrọhun-ìjà náà ní orúkọ Royal Arsenal. Ó fẹ̀ láti Woolwich títí wọ inú àbàtà Plumstead, ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè rẹ̀ sì ni a mọ̀ sí Plumstead Gate. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wọ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80,000. Ní 1967 ni ilé iṣẹ́ ohun ìjà náà kógbá sílé, ní 1994 ni àwọn ológun kúrò níbẹ̀ pátápátá. Àbàtà tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò ni wọ́n kọ́ Thamesmead sí, tí àwọn olùgbé àkọ́kọ́ kó wọ̀ ní 1968.

Nítorí náà, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ó bá ń gbin ewébẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé tí ó sì hú bọ́tìnì idẹ jáde. Bí ó bá ní ìbọn ńlá kan àti adé lókè rẹ̀, ti Royal Artillery ni. Bí ẹ bá rí àmì bí orí ọfà tí ó ní ìlà mẹ́ta lára irin tàbí awọ, àmì ohun ìní ìjọba ni. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹ hú jáde bá jọ ọta ìbọn tàbí bọ́ǹbù, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá ní 999.

Àwọn tí wọ́n ti pẹ́ ní àdúgbò yìí yóò rántí pé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé wà lókè ilé ìkàwé ní Plumstead High Street kan náà, kí wọ́n tó kó o lọ sí Arsenal. Ìtàn ológun tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀ nígbà náà kì í ṣe ìtàn àwọn òyìnbó nìkan. Ẹ̀ka kan nínú àwọn ọmọ ogun ọba yẹn ni bàbá wa pẹ̀lú wà, wọ́n sì wọ idẹ tiwọn. Ọ̀nà kan náà ni a sì fi ń ka méjèèjì.

Adé ni kí a kọ́kọ́ wò

Ẹ mú bọ́tìnì tàbí báàjì náà sábẹ́ iná, kí ẹ fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Bí adé bá wà lórí rẹ̀, adé yẹn ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí.

Láti 1901 títí di 1952, ìyẹn láti ayé Edward Keje títí dé ikú George Kẹfà, adé tí a ń pè ní Tudor ni wọ́n lò. Òkè rẹ̀ rí roboto, bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Nígbà tí Elizabeth Kejì gorí ìtẹ́ ní 1952, ó yan adé Edward Mímọ́. Òkè adé yìí tẹ̀ wọnú láàárín, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka tẹ àárín ìrọ̀rí. Ẹni tí ó bá ti rí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan kò tún ní ṣì wọ́n mú mọ́. Ní ti adé ayé Fikitóríà, tí ó jọba láti 1837 sí 1901, oríṣiríṣi ni, kò sì ní ìrísí igbá roboto ti Tudor.

Ẹ fiyè sí ohun kan o. Charles Kẹta tí ó jọba ní 2022 ti padà sí adé Tudor. Nítorí náà, bọ́tìnì roboto tí ń dán gbinrin tí ẹnì kan fẹ́ tà fún yín gẹ́gẹ́ bí ohun ayé Ogun Hítílà lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí.

Bọ́tìnì tí kò ní adé ńkọ́? Láti 1767 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pàṣẹ pé kí nọ́ńbà ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan wà lára bọ́tìnì wọn. Irin funfun tí ó rọ̀ bí òjé ni wọ́n fi ń ṣe ti àwọn ọmọ ogun kéékèèké, títí di 1855 tí idẹ gba ipò rẹ̀. Ní 1871, wọ́n mú nọ́ńbà kúrò lára bọ́tìnì àwọn ọmọ ogun kéékèèké, wọ́n sì fi àmì ọba tí ó ní kìnnìún àti ẹṣin oníwo rọ́pò rẹ̀. Irú èyí ni ó pọ̀ jù lọ láyé. Ó lè sọ ìgbà fún wa, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹgbẹ́ tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ wà.

Ìlànà kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Adé lè sọ pé, "N kò lè ṣáájú ọdún báyìí." Kò lè sọ pé, "Wọn kò wọ̀ mí mọ́ lẹ́yìn ọdún báyìí." Àwọn ológun kì í da ohun tí ó wà nínú sítọ́ọ̀ nù nítorí pé ọba kú. Ọ̀pọ̀ ṣọ́jà ni ó ṣì ń wọ adé George nígbà tí Elizabeth ti ń ṣe ìjọba.

Ọ̀pẹ àti lẹ́tà R

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ti ilé wa. Láàárín 1860 sí 1865 ni Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kó àwọn ọ̀dọ́ Hausa jọ ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó sá kúrò lóko ẹrú, ó sì sọ wọ́n di ọlọ́pàá oníbọn. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti ń ka ọjọ́ ìbí tiwọn. Ní 1897 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Lugard láti dá West African Frontier Force sílẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di 1901, àwọn ẹgbẹ́ ológun kéékèèké tí ó wà ní Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ti wà lábẹ́ orúkọ kan yìí.

Báàjì wọn ni igi ọ̀pẹ, lẹ́tà W.A.F.F. sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 1928 ni ọba fún wọn ní oyè "Royal", lẹ́tà náà wá di R.W.A.F.F. Ẹ ò rí i pé lẹ́tà kan ṣoṣo tó láti pín ìtàn sí méjì! Ọ̀pẹ tí kò ní R jẹ́ ti àkókò Ogun Káísà tàbí ìgbà tí ó yí i ká. Ọ̀pẹ tí ó ní R kò lè ṣáájú 1928, ó sì lè dé 1960 tí wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká. Bí ẹnikẹ́ni bá fi báàjì tí ó ní R hàn yín tí ó ní bàbá òun àgbà wọ̀ ọ́ lọ sí Kamẹrúùnù ní 1914, ẹ fi ọgbọ́n dá a lóhùn pé ó dàbí ẹni pé báàjì ọmọ bàbá ni, kì í ṣe ti bàbá.

Orúkọ tí ó wà lórí idẹ èjìká náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Northern Nigeria Regiment àti Southern Nigeria Regiment wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí di 1914. Ọdún yẹn ni Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, tí àwọn méjèèjì sì di Nigeria Regiment. Ní 1956, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, ó di Queen's Own Nigeria Regiment. Lẹ́yìn òmìnira 1960, ó di Royal Nigerian Army. Nígbà tí ilẹ̀ wa bọ́ lábẹ́ adé pátápátá ní 1 Oṣù Kẹwàá 1963, "Royal" kúrò, adé náà sì kúrò. Títí di òní, ẹyẹ idì ni méjọ̀ Nàìjíríà ń gbé sí èjìká níbi tí méjọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé adé sí.

A kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Kì í ṣe ogun òkèèrè nìkan ni wọ́n wọ irú aṣọ yìí lọ. Àwọn Hausa ológun ti Èkó wà lára àwọn tí ó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892. Nígbà Ogun Àdùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni ìjọba kó lọ bá àwọn ará ilé. Bọ́tìnì tí ẹbí kan fi ń yangàn lè jẹ́ ohun tí ẹbí kejì rí lọ́jọ́ tí ilé wọn jóná. Ìtàn kan náà ni méjèèjì wà.

Aláǹtakùn àti òṣùká

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àpótí àwọn bàbá wa ni ti Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n ń pè ní Ogun Hítílà. Ẹgbẹ́ ńlá méjì ni wọ́n kó jọ ní Nàìjíríà ní 1943 fún ogun Bọ́mà. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n sìn ní apá ibẹ̀ tó nǹkan bíi 90,000.

Èkínní ni Dìfíṣọ̀n 81. Aláǹtakùn dúdú lórí aṣọ yẹ́lò ni àmì apá wọn. Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast ni, tí ọgbọ́n àti àrékérekè rẹ̀ dàbí ti ìjàpá tiwa. Orí aláǹtakùn náà kọ sísàlẹ̀ lára apá aṣọ. Kì í ṣe àṣìṣe o. Nígbà tí ṣọ́jà bá na apá láti yìnbọn, iwájú ni aláǹtakùn náà yóò kọjú sí, sọ́dọ̀ ọ̀tá.

Èkejì ni Dìfíṣọ̀n 82. Ọ̀kọ̀ méjì tí ó ṣe àgbélébùú nínú òṣùká ni tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni, òṣùká, èyí tí ìyá wa máa ń ká sórí kí ó tó ru omi! Ìdí rẹ̀ ni pé mọ́tò kò lè wọ òkè àti igbó Bọ́mà níbi tí wọ́n ti jà. Àwọn alábàárù ni wọ́n fi orí ru ọta, oúnjẹ àti oògùn tẹ̀lé àwọn ajagun. Àwọn ará Èkó àtijọ́ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Ogun Káísà, nítorí ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà fún àwọn tí ó kú nínú ogun yẹn kì í ṣe ti ṣọ́jà nìkan, alábàárù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé bàbá kan "kàn ru ẹrù ni lójú ogun", ẹ má fojú kéré rẹ̀. Dìfíṣọ̀n odindi ló fi òṣùká ṣe àmì ọlá.

Bìrìgéèdì Kẹta láti inú Dìfíṣọ̀n 81, tí gbogbo bàtálíọ̀nù rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà, bá àwọn Chindit jà lẹ́yìn àwọn ará Jàpáàní ní 1944. Àmì àwọn Chindit ni ẹranko bíi kìnnìún tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì ní Bọ́mà. Bí ẹ bá rí i pọ̀ mọ́ ọ̀pẹ nínú àpótí kan náà, ẹ̀rí tí ó wúwo ni ẹ rí yẹn.

Ẹ yí i padà

Iwájú bọ́tìnì ni ó ń yangàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń jẹ́wọ́. Lẹ́yìn bọ́tìnì idẹ, orúkọ ẹni tí ó ṣe é sábà máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlú rẹ̀, bíi Firmin ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Gaunt ti Birmingham. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí a máa yí orúkọ padà, wọn a máa kó kúrò ní àdírẹ́ẹ̀sì kan bọ́ sí òmíràn, wọn a sì máa gba alájọṣe. Àwọn tí ń ṣa bọ́tìnì jọ ti kọ ọdún àwọn àyípadà yìí sínú ìwé, nítorí náà ẹ da orúkọ náà kọ bí ẹ ṣe rí i gẹ́lẹ́, títí kan àmì ìdánudúró.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é náà ní ọ̀rọ̀ í sọ. Báàjì oníke kì í ṣe ohun ìṣeré. Láàárín ogun, nígbà tí irin àti idẹ wọ́n, ike ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ báàjì fìlà. Èyí tí ó fúyẹ́ bí ewé, tí ó ń dán bíi wúrà láìsí pé ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́, alumíníọ́ọ̀mù ni. Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 1950, adé Elizabeth ni ó sì sábà máa ń wà lára rẹ̀.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà pẹ̀lú. Báàjì gidi tí wọ́n fi òǹtẹ̀ tẹ̀ máa ń ní ojú tí ó mú, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì tẹ̀lé ìrísí iwájú. Èyí tí wọ́n dà láti ara òmíràn sábà máa ń rọ̀ lójú, ó sì lè ní ihò wíwẹ́wẹ́. Ní ti àmì aláṣọ, òwú ìgbàlódé sábà máa ń tàn yanran lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní ṣọ́ọ̀bù. Òwú ayé Ogun Hítílà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àti pé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi Brasso fọ̀ ọ́. A mọ̀ pé inú àwọn bàbá wa a máa dùn sí idẹ tí ń dán, ṣùgbọ́n bí a ti ń fọ̀ ọ́ ni lẹ́tà rẹ̀ ń pa rẹ́. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí ẹ fi í síbi gbígbẹ. Ẹ má ṣe kó àwọn nǹkan inú àpótí kan túká, nítorí pé ohun márùn-ún tí ó wà pọ̀ lè sọ ìtàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lè dá sọ.

Ohun tí bọ́tìnì kò lè sọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Etí mẹ́dáàlì Ogun Àgbáyé Kìíní sábà máa ń ní nọ́ńbà àti orúkọ ẹni tí wọ́n fún. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ Bọ́mà àti àwọn mẹ́dáàlì yòókù tí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Ogun Kejì kò ní orúkọ lára. Ìràwọ̀ bàbá yín àti ìràwọ̀ bàbá ẹlòmíràn, ìbejì ni wọ́n. Bí ó bá kúrò nínú ilé láìsí ìwé, ó ti di ohun ọjà nìyẹn.

Ẹ má rò pé ìjọba ti kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ níbì kan. Ní oṣù Kẹrin 2021, àjọ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ológun Kọmọnwẹ́ẹ̀tì gbé ìròyìn jáde. Ó jẹ́wọ́ pé ó kéré tán 116,000 nínú àwọn tí ó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí iye wọn sì lè tó 350,000, ni wọn kò kọ orúkọ wọn sí ibi ìrántí, tàbí tí wọn kò ṣe ìrántí wọn rárá. Àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, alábàárù sì wà lára wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Àjọ náà tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n àforíjì kò lè rántí orúkọ tí a kò kọ.

Ẹ gbé e lé ìtàn olóògbé Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ní oṣù Kẹta 1944, ìbọn àwọn ará Jàpáàní fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní àfonífojì Kaladan, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ìwòsàn pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Dìfíṣọ̀n 81. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Sierra Leone wà nínú igbó, àwọn ará abúlé ibẹ̀ sì pa wọ́n mọ́, wọ́n ń bọ́ wọn títí di oṣù Kejìlá, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Ó padà délé, ó kọ ìtàn náà fúnra rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999, ó sì dágbére fáyé ní 2012. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó wọ aláǹtakùn lọ sí Bọ́mà. Kì í ṣe pé ìyà tirẹ̀ nìkan ni ó tóbi tí a fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n ni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí sí ìlú òyìnbó, iṣẹ́ kékeré kan wà fún ilé kọ̀ọ̀kan. Èkínní, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn ohunkóhun tí ó wà lọ́wọ́. Èkejì, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sínú bébà, orúkọ àbísọ, oríkì àti orúkọ tí ó fi wọṣẹ́ ológun, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni akọ̀wé ológun fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe orúkọ bàbá fún. Ẹ fi bébà náà sínú agolo kan náà pẹ̀lú bọ́tìnì. Ẹ̀kẹta, ẹ fóònù sílé. Ẹ má kàn béèrè pé, "Ṣé bàbá àgbà jagun?" Ẹ béèrè pé, ta ni ó bá a lọ, ọkọ̀ ojú omi wo ni wọ́n wọ̀, orin wo ni ó máa ń kọ nígbà tí ó dé, ta ni kò bá wọn padà wálé? Àwọn àgbà tí ó lè dáhùn ń dín kù lọ́dọọdún. Wọ́n ní bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà láyé.

Kí Olódùmarè dá àwọn àgbà wa sí, kí ó sì tẹ́ àwọn tí ó sùn sójú ogun sí afẹ́fẹ́ rere, àwọn tí a mọ orúkọ wọn àti àwọn tí a kò mọ̀. Kí orúkọ tiwa má ṣe parẹ́ o. Àṣẹ.